Èló Ni Owó Ààbò?

Bí ènìyàn bá gbà ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá, kí ló lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ? Ìgbà wo ni gbèsè náà tán? Ta ló sì máa sọ pé ó ti tán, ìwọ tí wọ́n gbà ni àbí ẹni tó gbà ọ́? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìbéèrè yìí ti ń dà mí láàmú. Mo sì rò pé àwa tí a fẹ́ràn àtimáa kọ ewì lórí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ jọ gbé e yẹ̀ wò kí á tó tún kọ òmíràn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ẹ̀bá Ọ̀dàn. Ibi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí òkè Mápó lónìí kò ní rí igbó, kò ní rí ọ̀dàn. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló máa rí, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, títí tí ojú ò fi ní lè tó o mọ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1829, ọ̀rọ̀ ẹ̀bá ọ̀dàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì rárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ìlú tí ìtàn sọ pé Lágelú tẹ̀ dó ti tú. Ọmọ ogun làwọn tó wá jókòó síbẹ̀: Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá díẹ̀. Òwu ni wọ́n ti jọ fọ́, wọ́n sì ti tú ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá ká. Wọn ò wá kọ́ ààfin o. Wọ́n wá pàgọ́ ni. Àgọ́ náà ni kò tú mọ́ títí di òní.

Kí ló dé tí wọn ò padà sílé? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò nílé mọ́. Àfọ̀njá ní Ìlọrin ti bá Aláàfin ṣọ̀tẹ̀, ó fa àwọn àlejò ajagun mọ́ra, àwọn àlejò náà ló sì wá pa á. Ìlọrin bọ́ sábẹ́ ẹ́míà, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì kọjú sí ìsàlẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ ti dahoro. Ẹṣin a máa sáré lọ́dàn. Ẹ fi í sínú igbó, kò níyì mọ́. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu igbó ló máa sọ bóyá ogun ẹlẹ́ṣin á wọlé tàbí kò ní wọlé. Ibi tí Ìbàdàn wà gan-an nìyẹn. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Olúyẹ̀dún, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìlú níbẹ̀rẹ̀, ọmọ bíbí Àfọ̀njá ni. Bàbá ṣílẹ̀kùn, ọmọ wá fi ara rẹ̀ dí i.

Wọn ò ní ọba. Èyí ló máa ń dùn mọ́ mi nínú jù. Àwọn Ifẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pàṣẹ, Mayé Òkúnadé ni olórí wọn, kí àwọn Ọ̀yọ́ tó bá a jà tí wọ́n sì pa á nígbà ogun Gbánámú. Látìgbà náà, ẹni tó bá mọ ogun jà, tó sì lè bọ́ ọmọ ogun, òun ni olóyè. Ìbíkúnlé tó di Balógun, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Ògúnmọ́lá wá láti Fẹ̀sú lẹ́bàá Ìwó. Látòóṣà wá láti Ìlọrà. Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó di Ìyálóde, Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Wọ́n bi wọ́n pé, "Kí lo lè ṣe?" Àṣà náà kò sì tíì kú. Nígbà tí Ọba Rashidi Ládọjà gorí oyè Olúbàdàn ní Mápó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ jọba kó tó jẹ. Ó gun àkàbà oyè ni, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe. Ẹ sọ ìlú Yorùbá ńlá mìíràn fún mi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú ìlú etí ilẹ̀ báyìí, àwa nìkan kọ́ la ní i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn ogun Ukraine láti 2022, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ èdè ló sọ pé ohun tí orúkọ orílẹ̀-èdè náà túmọ̀ sí ni etí ilẹ̀, ibi ààlà. Níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Cossack ti gbilẹ̀. Orúkọ tiwọn náà, láti inú èdè àwọn ará Tọ́kì àtijọ́ ló ti wá: ẹni òmìnira, ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó sá kúrò lóko àwọn olówó, àwọn tó sá fún gbèsè, wọ́n kóra jọ sí ìsàlẹ̀ odò Dnipro, wọ́n ń dìbò yan olórí wọn, wọ́n sì ń dènà àwọn Tatar tó máa ń wá kó ènìyàn lẹ́rú. Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Ṣùgbọ́n ní 1648, nígbà tí wọ́n dìde sí àwọn ọlọ́lá Poland lábẹ́ Bohdan Khmelnytsky, àwọn Júù tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n pa lọ rẹpẹtẹ. Ní 1775, Catherine, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, tú àgọ́ wọn ká. Títí dòní, akọni ni wọ́n nínú orin ilé wọn. Nínú ìwé àwọn Júù, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń jẹ́. Ìtàn kan náà ni o. Ibi tí kálukú dúró sí ló yàtọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá ni mo ka ewì kan níbi tí mo ti pe Ìbàdàn ní "olùgbèjà ilẹ̀ Yorùbá". Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ ọdún kejì kan, ọmọ Èkìtì, kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewì yín dùn o. Àmọ́ ṣé ẹ ti bi àwọn tí ẹ gbèjà wọn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pe ẹlòmíràn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Mo mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Òṣogbo ni. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin ká Òṣogbo mọ́. Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Balógun Òdérìnlọ́ kó ogun lọ, wọ́n ja Ìlọrin lóru, wọ́n sì fọ́ wọn pátápátá. Látọjọ́ náà ni agbára ẹlẹ́ṣin ti rọ̀ níhà ìsàlẹ̀. Bí Òṣogbo bá bọ́ sọ́wọ́ Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn, ta ló mọ ibi tí wọn ì bá dúró? Aláàfin Àtìbà ní Ọ̀yọ́ tuntun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ó sì pín iṣẹ́ fún wọn: kí Ìbàdàn máa ṣọ́ ìhà òkè àti ìhà ìlà-oòrùn, kí Ìjàyè máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, iṣẹ́ olùṣọ́ yìí, Ìbàdàn ò jí i. Wọ́n fi í rán an ni.

Èyí tó tẹ̀lé e ló le. Nígbà tí ọ̀tá lọ, olùgbèjà kò lọ. Òṣogbo bọ́ sábẹ́ Ìbàdàn. Ìbàdàn lé Ìlọrin kúrò ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ó sì jókòó síbi tí Ìlọrin dìde. Ó fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, bí ẹni tó tẹ nǹkan kíkorò mọ́ ahọ́n. Ajẹ́lẹ̀ ń gba ìsákọ́lẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ nílé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba tiwọn: ewúrẹ́ ẹni, adìyẹ ẹni, nígbà mìíràn ìyàwó ẹni. Ọba ìlú wà láàfin pẹ̀lú adé lórí, ọmọ ogun àlejò kan wà níta tí ọba náà ń bẹ̀rù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ráhùn, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ti gbàgbé ẹni tó gbà yín ni?"

Ẹ jẹ́ n gba ẹjọ́ Ìbàdàn rò díẹ̀, nítorí ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ogun ń náni lówó. Ìbọn kì í hù lóko. Ẹ̀tù, ọta, oúnjẹ ọmọ ogun, owó ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń sùn lóru nítorí pé ẹlòmíràn kò sùn, ó jẹ gbèsè, ì báà fẹ́ ì báà kọ̀. Àwọn tó ń sọ pé kò yẹ kí Ìbàdàn gba nǹkan kan rárá, n ò bá wọn lọ. Bí ìlú kan bá ń san iṣu àti owó ẹyọ lọ́dọọdún fún ẹni tó ń dí ọ̀nà ogun, òwò ni ìyẹn, òwò tó mọ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n òwò ní iye. Ẹ lọ sí Ọjà'ba, ẹ ra àmàlà. Ẹ san owó, ẹ jẹun, ẹ dìde. Olóúnjẹ kò ní tẹ̀ lé yín délé pé òun ló bọ́ yín, kí ẹ máa fi ọmọ yín ránṣẹ́. Gbèsè ààbò tí Ìbàdàn ń gbà kò ní iye. Kò sẹ́ni tó sọ fún Èkìtì pé ní ọdún báyìí ẹ ó ti san án tán. Gbèsè tí kò ní iye kì í ṣe gbèsè mọ́. Ìdè ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà nídìí rẹ̀ tó tún jìn ju èyí lọ, òun ló sì dùn mí jù láti kọ sílẹ̀. Mo ti yin òmìnira Ìbàdàn lókè, pé ẹnikẹ́ni lè dé, kó sì di ńlá. Báwo ló ṣe ń di ńlá? Àlejò tó wọ̀lú láìní ilẹ̀, láìní ẹbí, ọ̀nà wo ló ní? Ó gbọ́dọ̀ ní ọmọ ogun. Ọmọ ogun gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹni tó máa gbin iṣu tí wọ́n máa jẹ gbọ́dọ̀ wà lóko. Ẹrú ni. Ojú ogun ni wọ́n sì ti ń rí ẹrú. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ gun àkàbà yẹn, ìlú ẹlòmíràn ló máa fi ṣe ìpele. Òmìnira tí mo fẹ́ràn yẹn, ẹrú ló ń bọ́ ọ. Kì í ṣe pé Ìbàdàn jẹ́ ìlú òmìnira, tó sì tún ṣèèṣì ní ẹrú. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Oríkì ìlú wa tí à ń kọ́ ní kíláàsì kò tilẹ̀ fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pamọ́. Ó ń fi olè tó jàre olóhun yangàn ní gbangba. Àwa la máa ń rẹ́rìn-ín kọjá ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ogun ò fi lè tán. Olùṣọ́ tí olè bá tán níwájú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ìlọrin kò tún jẹ́ ewu bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, síbẹ̀ Ìbàdàn ń jáde lọ sógun. Ní 1860, ó kọjú sí Ìjàyè. Ẹ rántí pé olùṣọ́ ni Ìjàyè náà, ẹnìkejì rẹ̀ tí Àtìbà pín iṣẹ́ fún. Àtìbà kú, Adélù ọmọ rẹ̀ jọba, Kúrunmí ní òun ò gbà nítorí pé àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìjà dé. Ní 1862 Ìjàyè tú. Àwọn olùṣọ́ méjèèjì ló para wọn jẹ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹrú ṣe kéré tó lójú àwọn ẹni òmìnira wọ̀nyí, ẹ wo ẹjọ́ Ẹfúnṣetán. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1970 la fi mọ obìnrin náà, nínú eré yẹn sì ni ìkà tó ń hù sí àwọn ẹrú rẹ̀ ti gbé e ṣubú. Ó mú kí ọkàn ẹni balẹ̀: ẹnì kan ló burú, ìlú dìde, wọ́n mú un. Ṣùgbọ́n ẹ ka Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé láàárín wọn n'Íbàdàn, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 (1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde). Ó ní ẹrú tó wà lóko Ẹfúnṣetán nìkan tó 2,000. Ní 1874, Àrẹ Látòóṣà ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i lọ́rùn: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Mẹ́ta náà nìyẹn. Ẹ tún un kà. Ẹ bá mi wá ẹrú níbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n wá lo àwọn ẹrú rẹ̀ gan-an láti pa á mọ́jú. Nígbà tí ariwo wá pọ̀, àwọn ẹrú náà ni wọ́n pa. Àwọn tó rán wọn níṣẹ́ lọ jẹun.

Mi ò sọ pé kí a má ṣe eré náà mọ́ o. Eré ni, ó sì dára. Mò ń sọ pé ó rọrùn láti kó ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ìlú lé obìnrin kan lórí.

Kírìjí wá dé. Ní 1878, Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí yọ idà sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, iná ràn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, wọ́n para pọ̀, ni wọ́n bá ń jẹ́ Èkìtì Parapọ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe olórí ogun? Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó kọ́ ogun jíjà lọ́dọ̀ àwọn Ìbàdàn fúnra wọn. Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ń kó ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn, ìbọn tó ju ti Ìbàdàn lọ. Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn. Ẹ wá gbọ́ eyí tó dùn mí jù: Ìlọrin wà lẹ́yìn Èkìtì. Ìlọrin tí Ìbàdàn gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀! Nígbà tí wọ́n fi olùgbèjà wọn àti ọ̀tá wọn àtijọ́ sórí ìwọ̀n, ọ̀tá ló fúyẹ́ jù.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ Èkìtì yẹn nìyẹn. Wọ́n ti bi wọ́n. Wọ́n sì ti fèsì, láti 1878 títí di 1893. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi fèsì.

Látòóṣà kú sójú ogun ní 1885. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, Johnson yìí kan náà wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ lọ gbé iṣẹ́ bọ̀ láàárín wọn. Ìwé náà sọ pé àwọn ìlú Èkìtì Parapọ̀ kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́. Ó tó ọdún méje sí i kí àgọ́ tó tú.

Ẹnì kan lè sọ pé, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí kálukú máa gbèjà ara rẹ̀. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ògèdèǹgbé tó gbà wọ́n, nígbà tí ogun tán, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọn ò níṣẹ́ mìíràn kọjú sí ará ilé, wọ́n ń fi agbára gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jà fún. Òun fúnra rẹ̀, àwọn Òyìnbó mú un ní 1894. Èyí fi hàn mí pé ìṣòro náà kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé Ìbàdàn burú ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá ti fi ìbọn jẹun rí, ọkọ́ máa ń wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo wá gbà gbọ́ ni pé ẹni tí wọ́n ń dáàbò bò ló gbọ́dọ̀ ní ẹnu láti sọ pé, "Ó tó." Bí kò bá ti lè sọ ọ́, tàbí tó bá máa kú tó bá sọ ọ́, kí a má pe ohun tó wà láàárín wọn ní ààbò mọ́, bó ti wù kí ọ̀tá tó wà níta burú tó. Olùgbèjà kò lè jẹ́ ẹni tó ń ka owó fún ara rẹ̀.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ wá tọ́ ọ wò. Lọ́dún 1893 kan náà, Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé wá. Àwọn ìjòyè kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ̀rù pé ẹrú wọn á máa sá lọ bá Òyìnbó wà lára ohun tó ń bà wọ́n. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbà, Captain Bower sì wá ń gbé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí wọ́n ṣe fún wa? Ilẹ̀ abẹ́ ààbò. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni! Wọ́n ní àwọn wá pa ogun rẹ́, wọ́n sì pa á rẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn wá dá òwò ẹrú dúró, òótọ́ nìyẹn náà. Wọn ò sọ iye tí a ó san, wọn ò sì sọ ọjọ́ tí yóò tán. Ní 1929 wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ńlá tó lópòó gbàgìdìgbagidi yẹn sórí òkè Mápó, ó sì rẹwà, n ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa tí ẹ bá ń ti Bẹẹrẹ gòkè bọ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni Bower. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ajẹ́lẹ̀ tiwa kò kọ́ gbọ̀ngàn fún Èkìtì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́. Ní àdúgbò wa lẹ́yìn Mápó, oṣooṣù ni à ń san owó ọlọ́dẹ. Nígbà kan àwọn ọmọkùnrin kan dé, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ máa ṣọ́ àdúgbò. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lójúde wa bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́wọ́ ta lẹ fẹ́ máa ṣọ́ wa?" Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ máa mọ̀ tẹ́ ò bá san." Ó gé e kúrú, àbí? Gbogbo ohun tí mo ti ń fi ojú ìwé kún ojú ìwé sọ, ọmọ yẹn sọ ọ́ ní gbólóhùn kan.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020, Ìbàdàn níbí ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn, nítorí àwọn ajínigbé àti apànìyàn tó gba ojú ọ̀nà àti inú oko wa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ náà lọ ṣe òfin tiwọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, tí wọ́n sì gba àwọn ọmọ ilé wọn síṣẹ́. Èkìtì ní tirẹ̀, Ọ̀ṣun ní tirẹ̀, Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀. Ó máa ń bí àwọn kan nínú. Wọ́n ní ó yẹ kó wà lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, kí àṣẹ máa ti ojúkan wá, kí á lè tètè ṣẹ́gun. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú míkírà láti Bẹẹrẹ, àgbàlagbà kan ń sọ ọ́, gbogbo ọkọ̀ sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé olú iṣẹ́ rẹ̀ sí Ìbàdàn, kí Ìbàdàn máa rán wọn lọ sí gbogbo ibi tó kù, "bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀." Ọmọbìnrin kan tó jókòó ti fèrèsé ní, "Bàbá, ta ló máa máa bọ́ wọn tí wọ́n bá dé ọ̀hún?" Awakọ̀ ti yà sí Ọjà'ba nígbà yẹn, bàbá náà sì ń wá owó rẹ̀ nínú àpò.